Ohùn Tó Há sí Ìjerò

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí Gàlínà wọ Ìjerò, ó ṣí fèrèsé yàrá tí wọ́n fún òun àti ọkọ rẹ̀, ó dúró ṣánṣán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í na ohùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe láràárọ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí àgbàlá fi kún. Obìnrin kan sáré dé tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́, àwọn ọkùnrin méjì yọ láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú àdá, gbogbo wọn ń bèèrè pé ta ló kú. Màmá Martha, ìyá ọkọ rẹ̀, jáde sí wọn. Ó ní kò sẹ́ni tó kú, ìyàwó ọmọ òun ló ń kọrin.

"Orin wo nìyẹn?" ni wọ́n bi í.

Màmá ní kí wọ́n máa lọ sílé. Nígbà tí wọ́n tú ká tán, ó wọlé lọ bá ìyàwó. Gàlínà kò tíì gbọ́ Yorùbá nígbà náà, Ọládọ̀tun ọkọ rẹ̀ ló ń túmọ̀ fún un.

"Sọ fún un pé orin rẹ̀ dùn o," ni Màmá wí. "Ṣùgbọ́n kó má kọ ọ́ nínú ilé yìí mọ́. Wọ́n á ní ó ń sunkún ọmọ mi láàyè."

Ọdún 1984 nìyẹn. Gàlínà jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Ìlú kan ní ẹsẹ̀ òkè Úrálì, lápá Rọ́ṣíà, ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ojú irin, ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn. Olùkọ́ kan ní ilé ìwé ló gbọ́ ohùn rẹ̀, tó sì fà á lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin. Ohùn òkè ni ohùn náà, irú èyí tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ń pè ní tírébù, ṣùgbọ́n tirẹ̀ le ju ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ ni òpérà. Eré ni òpérà, orin ni wọ́n sì fi ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bí ọ̀rẹ́ méjì bá ń jà, orin ni wọ́n á fi jà, ẹni tó ń kú lọ á sì kọrin kó tó kú. Kò sí maikirofóònù. Akọrin á dúró níwájú àwọn olóhun-èlò orin tó pọ̀ bí ìjọ kékeré kan, ohùn rẹ̀ á sì la gbogbo ariwo wọn kọjá lọ bá ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Ọdún mẹ́ta ni Gàlínà fi ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ àti aládùúgbò nínú eré. Lọ́jọ́ kan, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹni tó ń ṣe ayaba, wọ́n sì ní kí Gàlínà bọ́ sí aṣọ rẹ̀. Nígbà tó kọrin tán, àwọn èèyàn dìde dúró. Ní ìlà tó kẹ́yìn, ọmọ Nàìjíríà kan dúró pẹ̀lú wọn. Ọládọ̀tun Ajíbádé ni, ọmọ Ìjerò, tí ìjọba rán wá kọ́ nípa òkúta àti ohun àlùmọ́ọ́nì. Òtútù ló lé e wọ gbọ̀ngàn náà, ó kàn ń wá ibi tó móoru ni. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, àti lọ́sẹ̀ kẹta. Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n ti fẹ́ ara wọn.

Ìlérí tó ṣe fún un kí wọ́n tó máa bọ̀ nílé kò ṣòro láti yé. "Ọdún méjì péré," ló wí. "Ìjọba ló rán mi wá kàwé, mo gbọ́dọ̀ sìn wọ́n. Lẹ́yìn náà a ó padà, wàá sì padà sórí ìtàgé rẹ." Gàlínà gbà á gbọ́. Ọ̀gá gbọ̀ngàn náà pàápàá ní àwọn ò ní fi ẹlòmíràn dí àyè rẹ̀ pa.

Ní Ìjerò, Ọládọ̀tun ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta iyebíye, Gàlínà sì wà nílé. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gúnyán, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Yorùbá tó gbọ́, ti Ìjerò ni, torí náà "ulé" ló ń pe ilé, "uṣu" ló ń pe iṣu, àwọn tó bá lọ kí ní Ìbàdàn sì máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n orin ò ṣeé kọ. Ilé kò jìnnà sí ilé, páànù sì máa ń gba ohùn rẹ̀, á jù ú padà sí i létí bí ẹni ń bá a wí. Ó máa ń ki aṣọ ìnura bọ ẹnu kọrin nínú balùwẹ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ohùn òun dà bí ẹṣin tí wọ́n so mọ́ inú yàrá.

Nígbà tí Ọládọ̀tun rí i pé ó ń rù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n láràárọ̀ Sátidé. Á páàkì ọkọ̀ níbi tí òkè ti ga ní ọ̀tún àti ní òsì, Gàlínà á sọ̀ kalẹ̀, á kẹ̀yìn sí ọkọ̀, á sì kọrin. Òkè á dá a lóhùn. Àgbẹ̀ kan wà tó máa ń kọjá níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kòkó lórí. Á sọ ẹrù kalẹ̀, á jókòó tì í, kò ní sọ nǹkan kan títí Gàlínà á fi parí. Ìgbà náà ni yóò wá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màdáámú." Gàlínà fẹ́ràn ìkíni yẹn ju gbogbo ohun tí wọ́n ti kí i ní Nàìjíríà lọ. Ọkùnrin yẹn nìkan ló mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Wọ́n bí Mojọlá ní 1985. Ọdún méjì pé, wọn ò lọ. Ọdún mẹ́ta pé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1988, olùkọ́ tó kọ́ Gàlínà lórin ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ obìnrin Rọ́ṣíà kan tó ń gbé ní Ìbàdàn. Ó ní àyè ti ṣí sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn eré, kó dé kí eré ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, torí ohùn kì í dúró de ènìyàn. Ọládọ̀tun ò jiyàn. Ó ní kí Gàlínà àti ọmọ máa lọ, òun ń bọ̀ wá bá wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ ìrìn àjò mọ́, àpótí wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n Mojọlá ò sí lórí ẹní rẹ̀. Màmá Martha náà ò sí. Aládùúgbò kan ló ní òun rí wọn tí wọ́n ń wọkọ̀ lọ sí Ìlọ́gbò. Ibẹ̀ ni ilé bàbá Màmá wà. Ọládọ̀tun àti ìyàwó rẹ̀ wakọ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n sì bá Màmá lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo sísè.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ni Gàlínà wí, ó ti kúnlẹ̀. "Ẹ gbé e fún mi. Ọkọ̀ òfúrufú ò ní dúró dè wá."

"Èmi ò dá ọ dúró, ìyàwó mi," ni Màmá fèsì, kò gbóhùn sókè rárá. "Iṣẹ́ rẹ ni, máa lọ. Ọmọ yìí ni kò ní lọ. Ilẹ̀ òtútù kọ́ ni ilé bàbá rẹ̀."

Gàlínà yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ọládọ̀tun ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Dọ̀tun, bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ìyá mi ni," ló wí. "Kí ni kí n ṣe?"

Àwọn ará ilé ti jáde, wọ́n ń wo òyìnbó tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Mojọlá na àgbàdo sí ìyá rẹ̀ pé kó bu díẹ̀ jẹ. Gàlínà dìde, ó sì jókòó ti Màmá lórí bẹ́ǹṣì náà. Ọkọ̀ òfúrufú gbéra ní Ìkẹjà láìsí i nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún bèèrè pé kí ọkọ òun gbé òun lọ sójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. Ní 1990, wọ́n gbà á sí ilé ìwé gírámà àwọn obìnrin kan láti kọ́ wọn lórin. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó jókòó ti rédíò ní pálọ̀, ó sì gbọ́ pé orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí òun sí kò sí mọ́, wọ́n ti pín in. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ti di ti orílẹ̀-èdè tó ti kú. Ó ní ọjọ́ yẹn ni òun kọ́kọ́ mọ bó ṣe rí kí ilẹ̀kùn tì láìsí ẹni tó tì í.

Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tó wà nílùú tún ní kó wá máa darí ẹgbẹ́ akọrin, pẹ̀lú àdéhùn pé kò ní máa dá orin kọ fúnra rẹ̀. Fíkà ìgbà náà, ìyẹn àlùfáà ìjọ, fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún un pé nígbàkúgbà tó bá ti la ohùn, ìjọ kì í gbàdúrà mọ́, òun ni wọ́n máa ń yíjú wò. Ó gbà. Àwọn tó kọ́ nígbà náà kò gbàgbé bó ṣe máa ń fi ọwọ́ tẹ ikùn wọn pé ibẹ̀ ni èémí ń gbé, ọ̀fun kọ́, àti bó ṣe máa ń dá wọn dúró láàárín orin nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń kọ orin kan tó ní "Ọlọ́run ni okun mi". Ohùn orin náà já sílẹ̀ níbi tí kò yẹ kó já sí. Gàlínà gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ tún un kọ, kí n gbọ́."

Wọ́n tún un kọ.

"Okun ni agbára, àbí? Ohun tí ẹ̀ ń kọ yìí, okùn ni. Okùn tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ débi pé àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ burú. Ọlọ́run ni okùn mi. Òun ló so mí mọ́ Ìjerò."

Ní 1997, rọpárọsẹ̀ kọ lu Ọládọ̀tun. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e padà wálé láti ilé ìwòsàn, ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kó tó tún la ẹnu. Ohun tó jáde kò yé ẹnikẹ́ni. Màmá Martha bú sẹ́kún, ó ní orí ọmọ òun ti yí. Alàgbà kan tó wá bẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀mí ló ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gàlínà wà ní ilé ìdáná nígbà tó gbọ́ ọ. Ó sáré wọlé pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

"Omi ló ń bèèrè," ló wí. "Ó ní kí ẹ fún òun lómi."

Èdè Rọ́ṣíà ni. Àìsàn náà ti kó Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì lọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì fi èyí tó kọ́ nígbà tó ti dàgbà sílẹ̀. Dókítà sọ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà míràn, àti pé Yorùbá lè padà. Kò padà. Ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ fún un, àmọ́ kò lè fi èdè ìyá rẹ̀ dá ìyá rẹ̀ lóhùn.

Ohun tó wá di Gàlínà mú wàyí kò ní àgádágodo. Kò sẹ́lòmíràn ní gbogbo Ìjerò tó lè gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ ń sọ. Ìgbà kan tó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Adó fún ìdíje, tó sì sùn síbẹ̀, nígbà tó fi máa dé, Ọládọ̀tun ti sunkún débi pé ojú rẹ̀ wú. Inú ló ń run ún. Ó sọ ọ́ títí, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un. Láti ọjọ́ náà, Gàlínà kì í rìn kọjá ibi tó ti lè padà wálé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mojọlá dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì lọ sí ìlú Ọba. Òun tí ìyá rẹ̀ torí rẹ̀ dúró ló kọ́kọ́ lọ. Gàlínà sìn ín dé ibùdókọ̀, ó sì padà wá wẹ ọkọ rẹ̀.

Màmá Martha ti lé ní ọgọ́rin ọdún, síbẹ̀ ó kọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè náà. "Fadá," láá máa wí, á gbé ife omi sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, "fadá rẹ rèé." Ìyókù, ìyàwó ló ní láti bi. Ní gbogbo ìgbà tí Ọládọ̀tun bá ti la ẹnu, Màmá á yíjú: "Kí ló wí?"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní yàrá. Màmá ń bó ẹ̀gúsí. Gàlínà ń ká aṣọ. Ọládọ̀tun ti ń wo ìyàwó rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ó sì rọra sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn.

"Èmi ni mo ní kí Màmá gbé ọmọ sá lọ sí Ìlọ́gbò. Wọn ò fẹ́ ṣe é. Mo bẹ̀ wọ́n ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí o bá gun orí ìtàgé yẹn padà, o ò ní rántí mi mọ́."

Aṣọ ọwọ́ Gàlínà bọ́ sílẹ̀.

"Kí ló wí?" ni Màmá Martha bèèrè.

Òjò ń pa páànù. Gàlínà wo ìyá arúgbó náà, tó ti gba ẹ̀bi ẹlẹ́bi rù láti ọdún yìí wá, tí kò sọ ọ́ síta rí. Ó wo ọkùnrin tó wà lórí ibùsùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa aṣọ náà.

"Ó ní ẹ̀yìn ń ro òun, Màmá."

"Ẹ̀yìn? Háà, pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi." Màmá gbé igbá ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ mú Róòbù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa á lẹ́yìn. Ọládọ̀tun ń sunkún. Màmá rò pé ìrora ni, ó ń fọwọ́ pa á lọ.

Gàlínà ò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá a lóhùn. Kò sí ẹlòmíràn lórí ilẹ̀ tó lè fi irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Ó sọ fún èmi tí mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, pé ìyà náà dùn mọ́ òun ní ọjọ́ kìíní. Ní ọjọ́ kejì, ó rí i pé ẹnu òun náà ni òun ń dì, torí ọkọ òun nìkan kọ́ ni òun ń sọ èdè náà fún. Òun náà ò lẹ́ni tí òun lè fi í bá sọ̀rọ̀ àyàfi ọkùnrin yìí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, Ọládọ̀tun ní kó ṣí fèrèsé. Gàlínà bi í pé, "Èyí ọ̀tún ni, àbí ti òsì?" Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Kí Màmá Martha tó kú, ó pe ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ Ìlọ́gbò wà nínú òun.

"Mo ti mọ̀, Màmá. Ó ti sọ fún mi."

"O ti mọ̀, o sì ń bá mi gúnyán?" ni Màmá wí. "Ṣé o kórìíra mi?"

"Nígbà míràn," ni Gàlínà wí.

Màmá mi orí. Ó ní ìyẹn dára, ó sàn ju irọ́ lọ.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Ọládọ̀tun fi wà lórí ibùsùn. Ó kú ní 2018. Níbi ìsìn ìsìnkú rẹ̀, fíkà tuntun, tí kò mọ nǹkan kan nípa àdéhùn àtijọ́, bẹ Gàlínà pé kó dá orin kan kọ. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ó dìde, ó mí kanlẹ̀, ó sì la ohùn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà, ó gbóná, ó kún ṣọ́ọ̀ṣì débi pé àwọn ọmọdé dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ gun òkè, ohùn náà sán. Ó tún un gbìyànjú, ó tún sán. Ó dúró níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sí ohun tó ń jáde. Ẹ̀yínadé, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkòrò tó wà nínú àwọn tírébù, ló bá a gbé orin náà, àwọn ìyókù sì dara pọ̀. Gàlínà jókòó.

Gbogbo wa rò pé yóò máa lọ wàyí. Mojọlá náà rò bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ìwé ìrìnnà tuntun fún ìyá rẹ̀. Ó pẹ́, torí wọ́n ní láti wá àkọsílẹ̀ ìbí rẹ̀ kàn láti ìlú tí orúkọ rẹ̀ ti yí padà. Ìwé náà dé lópin ọdún 2021. Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì fún oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Gàlínà ra bùrẹ́dì gbígbẹ àti ẹ̀pà fún Nínà, àbúrò rẹ̀ tí wọn ò tíì rí ara wọn láti ọdún 1984. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ogun bẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, ọkọ̀ òfúrufú tó yẹ kó gbé e kò lọ síbẹ̀ mọ́. Mojọlá ní ọ̀nà mìíràn wà, kí wọ́n gba ilẹ̀ Tọ́kì kọjá. Nínà ní tirẹ̀ sọ lórí fóònù pé, "Má tíì wá. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní ogun, ilé yìí ò dùn." Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti ń sọ ọ́, ọ̀kan nínú wọn á ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù. Ní ìgbẹ̀yìn ọdún tó kọjá, Nínà ò gbé fóònù mọ́.

Ẹ̀yínadé ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ilé Ajíbádé láràárọ̀ Sátidé. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ó lọ́mọ mẹ́ta, ọ̀kadà ló ń gbé e wá láti Ìkòrò. Kò wá gba oyè kankan, kò sì rò pé òun ń lọ sí ibì kan. Ó kàn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọrin débi tí àyà kì í fi í dun ni. Gàlínà á jókòó sórí àga onírọ̀gbọ̀kú, á fi ọ̀pá lu ilẹ̀ nígbà tí kò bá fara mọ́ ohun tó gbọ́.

Ní oṣù kan sẹ́yìn, Ẹ̀yínadé sọ pé, "Ìyá Mojọlá, àwọn orin yín ti ọjọ́ yẹn, ẹ kọ́ mi ní ọ̀kan."

"Rọ́ṣíà ni. O ò gbọ́ Rọ́ṣíà."

"Ẹ kọ́ mi ní ìyẹn náà."

Gàlínà ní kò wúlò, kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ fún. Ẹ̀yínadé kò dìde. Nígbà tó pẹ́, ìyá arúgbó náà sọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀yínadé tún un sọ, kò jọ ọ́ rárá. Gàlínà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ìka rẹ̀ kan ibi tí ahọ́n gbọ́dọ̀ fi kan eyín. Ó ń bínú díẹ̀, ó ní ẹnu ọmọ Ìkòrò ti le jù. Aládùúgbò kan yọjú lójú fèrèsé, ó wo inú, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní ìgbà kẹfà tàbí keje, ọ̀rọ̀ náà jáde bó ṣe yẹ kó jáde. Gàlínà fèsì ní èdè náà láìmọ̀ pé òun ti fèsì. Ẹ̀yínadé ò gbọ́ ohun tó wí.

"Kí lẹ wí, mà?"

"Mo ní kí o tún un sọ."